Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Kí Ọ̀gá Oníṣẹ́-Abẹ Tó Fi Wá Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọ̀gá ń lọ. Ibi tá a ti ń fọwọ́ ló ti sọ ọ́, omi ṣì ń dà, ọṣẹ ṣì kún apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, "Ìyá Yàrá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù tí màá lò pẹ̀lú yín."

Mo rò pé ìsinmi ló fẹ́ gbà. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ti rẹ̀ yín. Ìgbà wo lẹ máa padà?"

Ó ní òun ò padà mọ́. Ó ní ọjọ́ orí òun ti tó, òun sì ti kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ láti oṣù tó kọjá. Oṣù tó kọjá! Èmi nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ rẹ̀, tí mo máa ń mọ̀ pé eyín ń dùn ún kí ìyàwó rẹ̀ tó mọ̀.

A wọlé, a ṣe gẹ̀gẹ̀ kan àti ìpá méjì. Kò sọ̀rọ̀, kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ abẹ. Tó bá ya ìka méjì, àlùmọ́gàjí ló ń béèrè. Tó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀mú ni. Tó bá ká ìka bí ẹni tó di kálàmù mú, abẹ́rẹ́ àti òwú nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí ọwọ́ ọ̀tún yẹn ti ń yọ sí mi, tí mò ń fi nǹkan sí i kó tó béèrè tán. Mo fi sí i lónìí náà, ṣùgbọ́n omijé ń bọ́ sínú ìbòmú mi, ìbòmú tó rin ṣinṣin ò sì ṣeé mí sínú rẹ̀.

Ooru mú bí nǹkan míì. Ẹyin ti tún gbówó lórí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Alákòóso ilé ìwòsàn pe gbogbo wa sí ìpàdé. Ó to bébà síwájú ara rẹ̀, ó tún un tò, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ń bọ̀. Ó ní nínú ilé ìwòsàn mẹ́fà tó wà lábẹ́ àwọn aláṣẹ wa, tiwa nìkan ló jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbé iṣẹ́ abẹ lérí. Tí ẹni náà bá ń lọ, ó ní ó yẹ kí yàrá iṣẹ́ abẹ bá a lọ.

Mo ní, "Dókítà Kékeré ńkọ́? Ọdún mẹ́ta ni Ọ̀gá fi kọ́ ọ."

Ó ṣí bébà kan. Ìpá tí Ọ̀gá ń fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe, wákàtí kan ààbọ̀ ni Dókítà Kékeré ń fi ṣe. Ọmọbìnrin náà, Dókítà Kékeré alára, jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀gá bá Alákòóso jà dáadáa nítorí rẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò: ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta máa wá dúró wo Dókítà Kékeré níbi tó ti ń ṣe ìpá. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, yàrá ò ní tì. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá nílò iṣẹ́ abẹ á máa lọ sí Ilé Ìwòsàn Ńlá, ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹni tí àpẹ́ńdísì rẹ̀ fẹ́ bẹ́, wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀? Àbúrò mi obìnrin, inú yàrá yẹn la ti gbà á là. Ká ní wákàtí mẹ́ta ni, mi ò ní àbúrò mọ́ lónìí."

Alákòóso ní, "Ìyá Yàrá, ẹ fara balẹ̀."

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà mi ni kó ní kí n fara balẹ̀. Mo fara balẹ̀ ṣá, nítorí Ọ̀gá ń wò mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mi ò lè jẹun. Ọkọ mi ní kí n má fi ebi jẹ Alákòóso níyà, pé Alákòóso ti jẹun tirẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Dókítà Kékeré ṣe ìpá kan, Ọ̀gá dúró tì í, kò fọwọ́ kàn án. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Mi ò ní purọ́, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ibi tó rán, o ò ní mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀! Màá fi ẹ̀mú sí i lọ́wọ́, á yí i síbí, á yí i sọ́hùn-ún, kó tó wá fi ṣe nǹkan. Gbogbo ẹsẹ̀ mi ló wú. Bàbá Oorun, ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ kùn àwọn aláìsàn lóorun, wo aago ògiri títí ó fi sú u. Ó ní, "Tí ẹni yìí bá jí, á bi wá bóyá ọdún tuntun ti wọlé."

A rẹ́rìn-ín. Dókítà Kékeré kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ṣe nǹkan tí kò dáa. Iṣẹ́ ń lọ, ọmọ yẹn tún ń yí àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ni mo bá ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ń ṣú." Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni o. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo rí lókè ìbòmú, mo sì rí i pé ó pọ́n. Ó sáré, ó sì já òwú. A tún bẹ̀rẹ̀ rírán yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ó lọ bá Ọ̀gá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kí ìgbìmọ̀ tó dé, kí ojú má bàa ti gbogbo wa. Ọ̀gá ní òun ò gbọ́ ohun tó sọ, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹnu Bàbá Oorun ni mo ti gbọ́. Mo ní ẹ̀bi tèmi ò sí níbẹ̀, pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì mọ̀ pé tèmi wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹ gbà mí o. Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Lọ́sàn-án, mo wọ yàrá ìsinmi wa láti mumi. Dókítà Kékeré jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí mi. Bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ló já, ó ń rán an padà. Mo dúró. Abẹ́rẹ́ yẹn ń wọlé, ó ń jáde, kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá, ọ̀nà ló ń wò lójú fèrèsé. Ó so òwú, ó gé e, ó ti parí kí n tó bu omi. Ọmọ tó ń fi wákàtí kan ààbọ̀ ṣe ìpá! Mo tún wò dáadáa. Ọwọ́ òsì ló fi ń rán an.

Mo ní, "Dókítà."

Ó fò sókè, ó sì sọ abẹ́rẹ́ sọ́wọ́ ọ̀tún kíá, ó fi gún ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

"Kí ni kí n má bínú sí? Ọwọ́ wo lẹ fi ń ránṣọ yẹn?"

Kò fẹ́ sọ. Mo jókòó tì í, mo ní mi ò lọ. Ìgbà náà ló wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí òun. Bàbá rẹ̀ lù ú títí ó fi ń fi ọ̀tún kọ̀wé. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó ní gbogbo nǹkan ló kọjú sọ́tùn-ún, òun náà sì ń bá wọn lọ bẹ́ẹ̀.

"Níbí ńkọ́? Ta ló ní kí ẹ má lò ó níbí?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, mà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá, mo na òsì. Ẹ fi ẹ̀mú gbá a, ẹ ní nínú yàrá yín, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba nǹkan."

Mo ní irọ́ ni, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà.

Ó ní, "Ọjọ́rú ni, mà. Ẹ dé fìlà aláwọ̀ ewé."

Mo ní fìlà aláwọ̀ ewé lóòótọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo gbé ife omi sí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi ẹnu mi bú ọmọ ọlọ́mọ pé ó ń falẹ̀, èmi ni mo sì so ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo sọ fún Ọ̀gá, mi ò yọ tèmi sílẹ̀. Ọ̀gá jókòó. Ó ní, "Ìyá Yàrá, ọdún mẹ́ta ni mo dúró tì í, mò ń sọ pé ṣe bí mo ṣe ń ṣe. Mi ò bi í léèrè rí ọwọ́ wo ló ní."

Ó ránṣẹ́ pe Dókítà Kékeré. Ó ní, "Ṣé o máa lè yí padà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe pé mo fẹ́ yí padà. Ọwọ́ mi ló fẹ́ padà sílé."

Ni Ọ̀gá bá dìde. Ó ní ká yí yàrá padà. A gbé tábìlì irinṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a yí iná orí, a gbé ibi tí mò ń dúró láti ọdún mọ́kàndínlógún lọ sí ọ̀hún. Bàbá Oorun wọlé, ó wò yíká, ó tún jáde lọ wo orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn bóyá òun ṣì yàrá.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

A gbìyànjú rẹ̀ lórí tìmùtìmù kan. Abẹ dáa lọ́wọ́ òsì rẹ̀, abẹ́rẹ́ dáa. Ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí ń jẹ aṣọ ni, kì í gé e. Ó tún mú òmíràn, bákan náà.

Mo dé ilé, mo ròyìn fún ọkọ mi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ránṣọ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ ọ̀tún lẹ fún un. Bí wọ́n ṣe gbé ojú méjèèjì léra yàtọ̀. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń lo òsì nígbà kan, ó ra tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èmi mú un lọ́jọ́ kan, kò gé bébà lásán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù, mo rò pé ó ti kú ni."

Mo gbé ṣíbí ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ tún un sọ."

"Mo ní kò gé bébà."

Mo rántí páálí kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà ní yàrá ìkẹ́rù-sí. Olùtọ́jú ẹrù ní kò sí irú páálí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fún mi ní àkàbà. Òkè àwọn bẹ́ẹ̀dì tó ti kán, tí wọ́n tò léra, ló wà, eruku bò ó. Àlùmọ́gàjí mẹ́rin, ẹ̀mú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ẹ̀mú kéékèèké mẹ́jọ, gbogbo wọn ń dán, kò sẹ́ni tó lò wọ́n rí. Lára páálí, ìwé ọwọ́ èmi fúnra mi láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn: KÒ GÉ NǸKAN. ẸNIKẸ́NI MÁ LÒ Ó.

Mo jókòó sórí àkàbà, mo rẹ́rìn-ín títí Olùtọ́jú ẹrù fi bi mí bóyá kí òun pe ẹnì kan wá.

Mo kó wọn sínú ẹ̀rọ ooru tí ń pa kòkòrò. Ní aago mẹ́wàá, Dókítà Kékeré fi òsì gé aṣọ kan láti etí dé etí. Ó dún kẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó wò mí. Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ máa gé e lọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọwọ́ tirẹ̀ ti délé. Tèmi ló kù báyìí. Lánàá, gbogbo nǹkan tó béèrè, ọ̀tún ni mò ń sún un sí.

Mo jókòó ti ọkọ mi níbi tábìlì ìdáná, mo fi ìbòmú bò ó nímú, mo to ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ síwájú. Mo ní kó máa na òsì, kó sì máa fi ìka béèrè. Nígbà tó di ìgbà ọgọ́rùn-ún, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé o mọ̀ pé láti àárọ̀ tí mo ti ń gba ṣíbí, kò tíì sí oúnjẹ lẹ́nu mi?"

Mo ní kó na ọwọ́ rẹ̀. Ó pé igba kí n tó dáwọ́ dúró. Apá ń dùn mí, mò ń fi òsì kọ èyí láti fi dán ara mi wò. Rárá o, mi ò lè ka ohun tí mo kọ. Mo ti padà sí ọ̀tún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìpá àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi nǹkan sí ọwọ́ tí kò béèrè. Ẹ̀mú kan bọ́ sílẹ̀ láàárín wa. Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́, mo sì sọ ọ́ síta kí gbogbo yàrá gbọ́ pé èmi ni. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣì í.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta! Mi ò ṣì í rárá. Bàbá Oorun ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ò jẹ́ kí àga mi gbóná." Dókítà Kékeré bọ́ ìbòmú, mo sì rí i pé ọmọ yìí ní eyín iwájú tó yà díẹ̀. Ọdún mẹ́ta, mi ò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Inú mi dùn, mo ra bàtà tuntun tí mi ò nílò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ó ti bàjẹ́. Ẹni tá a fẹ́ ṣe fún lójú ìgbìmọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà kan báyìí, wá bá mi láàárọ̀, ó di fìlà mú. Ó ní òun gbọ́ pé òsì ni dókítà yẹn fi ń gé èèyàn. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú, ẹ̀mí mi kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá ṣe é fún mi kó tó lọ." Mo bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, mo tún bá a sọ̀rọ̀ burúkú, kò gbà. Mo pe méjì míì tó wà lórí ìwé. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n kọ̀.

Alákòóso ní bí kò bá sí aláìsàn, ìgbìmọ̀ ò ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ wò, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ yẹn ló dùn mí jù.

Dókítà Kékeré tún ti ń fi ọwọ́ òsì bọ àpò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gá wọ ọ́fíìsì mi, ó ti ilẹ̀kùn. Dókítà Kékeré wà níbẹ̀, a jọ ń ka orúkọ àwọn aláìsàn tó kù ni, orúkọ ò sì sí.

Ó ní, "Mo ní ìpá."

Mo ní, "Ta ló ní ìpá?"

"Èmi. Ó ti pé ọdún méjì. Bẹ́líìtì ni mo fi ń ká a mọ́."

Ọdún méjì! Ẹni tó ń bú àwọn aláìsàn lójoojúmọ́ pé kí ni wọ́n ń dúró dè! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní ojú ló ń ti òun, àti pé òun ò mọ ẹni tí òun lè sùn síwájú rẹ̀.

Ó wá yíjú sí Dókítà Kékeré. "Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ọjọ́rú, ìwọ lo máa ṣe é."

Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, mi ò lè gé yín."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀gá ni yín."

"Nínú yàrá yẹn, aláìsàn ni mí. Ṣé o máa dá aláìsàn padà?"

Ó sunkún. Èmi náà sunkún. Ọ̀gá ní kí ẹnì kan kọ orúkọ òun sórí ìwé, ẹkún kì í ṣe ìwé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Alákòóso ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá ní kó fi òfin tó ní kò ṣeé ṣe han òun. Kò rí i. Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà, ó fi lẹ́tà ńláńlá kọ orúkọ ara rẹ̀. Bàbá Oorun yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ara rẹ̀ le ju ti òun lọ.

Ìkùukùu ti ń ṣú láti àná. Òjò ò rọ̀ ṣá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó di ṣíṣe. Ó DI ṢÍṢE!

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ mi. Aago mẹ́jọ, ìgbìmọ̀ dé: ìyá àgbà kan tó jẹ́ oníṣẹ́-abẹ fúnra rẹ̀, àti ọkùnrin méjì tó mú bébà dání. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ọ̀gá jáde nínú ẹ̀wù àwọn aláìsàn, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn mú. Ó sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Gbogbo ọdún yìí tí a ti ń wọ̀ ọ́ fún wọn, mi ò mọ̀ pé atẹ́gùn ń wọ ibẹ̀ tó báyìí."

Bàbá Oorun fún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tó máa ń pa ara láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò ní sùn. Ó ní, "Ọ̀gá, ìsàlẹ̀ yín nìkan ni apá mi ká. Ẹnu yín ò sí lọ́wọ́ mi." A ta aṣọ síwájú àyà rẹ̀ kó má bàa rí wa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí pákó tá a máa ń gbé apá lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an.

Dókítà Kékeré na òsì. Mo fi abẹ sí i.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ariwo, àfi òjò lórí òrùlé. Ni Ọ̀gá tí kì í sọ̀rọ̀ nínú yàrá láti ọdún mọ́kàndínlógún bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. "Ṣé o ti rí ẹnu rẹ̀? Má sáré níbẹ̀. Iṣan kan wà lápá òkè..."

Mo rí i pé Dókítà Kékeré dúró. Ojú ìgbìmọ̀ wà lára rẹ̀. Ọmọ náà gbé orí sókè díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, aláìsàn kì í kọ́ni níṣẹ́ níbí."

Ìyá àgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn aṣọ, Ọ̀gá ní, "Mo ti gbọ́, Dókítà." Kò pè é ní Dókítà lásán rí, láìfi Kékeré sí i.

Ó dé ibi tá a ti fẹ́ gé òwú. Mo gbé àlùmọ́gàjí. Lórí pákó yẹn, mo rí ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá. Kò rí wa, ṣùgbọ́n ó ń bá iṣẹ́ lọ nínú orí rẹ̀, ó sì mọ ibi tá a dé. Ọwọ́ náà dìde díẹ̀, ó ya ìka méjì sí mi, bó ṣe máa ń yà á. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn náà ni ọwọ́ òsì Dókítà Kékeré yọ, ìka méjì. Ọwọ́ méjèèjì ń béèrè ohun kan náà lọ́dọ̀ mi.

Ara mi fẹ́ lọ sọ́tùn-ún. Mo mọ̀ ọ́n lára. Mo fi àlùmọ́gàjí sí òsì. Ó gé e, kẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lófìfo díẹ̀, ó wá rọra padà sórí pákó, ó sinmi.

Nígbà tí Dókítà Kékeré gún abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, Ọ̀gá bi wá pé, "Ìṣẹ́jú mélòó?" Bàbá Oorun wo aago, ó ní, "Méjìdínlógójì."

Ọ̀gá ní, "Ọmọ yìí ti fi ìṣẹ́jú méjì lé mi jáde nílé." Ẹ̀rín ń mú un, Bàbá Oorun ní kó má rín in títí òun yóò fi ní kó máa rín in.

Mo dé ibi ìfọwọ́, mo ṣí omi kí wọ́n má bàa gbọ́ mi, mo sì fò. Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mo fò lẹ́ẹ̀mejì. Mo yíjú, mo rí i pé ìyá àgbà láti ìgbìmọ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó wá fọwọ́. Ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Ìwé dé. Yàrá ò ní tì, Dókítà ló sì máa di olórí rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Alákòóso fúnra rẹ̀ ló kà á fún wa. Ó wá bá mi lẹ́yìn náà, ó ní, "Ìyá Yàrá, inú yín dùn báyìí?" Mo ní kó fara balẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà padà wá. Ó ní ṣé òótọ́ ni pé Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jẹ́ kí dókítà yẹn gé òun. Mo ní kó lọ bi í. Kí n tó dá Ọ̀gá dúró, ó ti gbé ẹ̀wù sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ojú ọgbẹ́ han ọkùnrin náà bí ẹni tó ń ta aṣọ. "Wò ó! Ṣé o rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà? O ò rí i!" Gbẹ́nàgbẹ́nà ní kí a kọ orúkọ òun sí ọjọ́ Ajé. Àwọn méjì yòókù ti pè kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀gá lọ lónìí. Kò fẹ́ ayẹyẹ, àwa náà ò bi í. Gbogbo wa to sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan lórí ọgbẹ́, ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró síwájú Dókítà. Ọmọ náà fẹ́ kúnlẹ̀, ó dá a dúró. Ó ní, "Tó bá di ọjọ́ méje sí i, màá padà wá kó o bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Má jẹ́ kí n jókòó pẹ́ o." Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín, gbogbo wa ń nu ojú.

Ó kan èmi. Èmi ni mo mú ìwé ìdásílẹ̀ dání, èyí tí aláìsàn máa ń fọwọ́ sí kó tó lọ sílé. Mo kàn gbé ìwé náà fún un. Ó kà á, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ká ìka bí ẹni tó fẹ́ di kálàmù mú.

Mo yọ bírò láti àpò, mo sì fi í síwájú òsì rẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé mo ṣe é. Ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wo bírò, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wà lófìfo, ó wò mí. Mo ní, "Ha! Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́," mo sì fẹ́ yí i padà.

Ó ní, "Ẹ fi í síbẹ̀, Ìyá Yàrá."

Ó fi òsì gbà á. Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé náà, ó ń yọ ahọ́n bí ọmọ tó ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ wọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó dá bírò padà fún mi, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ lọ.

Akọ̀wé ní kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà lórí ìwé yẹn, pé kí n ránṣẹ́ pè é padà kó wá tún un kọ. Mo ní kó fi sínú fáìlì bẹ́ẹ̀. Mo ní mo mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.